Bí Èmi àti Àwọn Àna Mi Ṣe Wọ Ọkọ̀ Tí Kì Í Ṣe Tiwa Lórí Adágún Kómò

Àkùkọ ilé kejì kò tíì kọ nígbà tí dírẹ́bà fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìlá. Ó fọn ọ́n, ó tún un fọn, títí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé Ìyá Tómi ń lọ sí òkè òkun. Bóyá ohun tí Bàbá Tómi sanwó fún gan-an nìyẹn. Mo ti wẹ̀, mo ti gbàdúrà, mo sì ti ṣí páásípọ́ọ̀tù mi wò lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá àwòrán inú rẹ̀ ti yí padà. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ wò ni báàgì tó dúró ní igun pálọ̀.

Báàgì ọmọdé ni, aláwọ̀ píǹkì, ó ní táyà lábẹ́, wọ́n ya labalábá sí i lára. Ìyá ọkọ mi ló rà á ní Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé rẹ̀, torí báàgì yẹn ló fa gbogbo ìrìn àjò yìí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Mìláànù, ní ilẹ̀ Ítálì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe níbẹ̀. Awẹ́lẹ́wà ni mo ń pè é. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ, àmọ́ mo bá a nílé ni, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi, ìyàwó ilé kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Awẹ́lẹ́wà kò tíì bímọ, ó ń dá gbé. Ní Kérésì tó kọjá, Màmá wá kí wa láti Ìgbájọ, wọ́n jẹ ìrẹsì mi tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní tó bá di oṣù kẹsàn-án, Tómi máa lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ítálì. Wọn ò béèrè o. Bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Bàbá ọkọ mi wúkọ́. Ọkọ mi ní, "A máa rí i sí i," ìyẹn ni pé kò ní rí nǹkan kan sí i. Èmi wá ńkọ́? Èmi tí mo bí ọmọ ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tómi, òun nìkan ni mo sì bí. Mi ò fẹ́ kó lọ, àmọ́ láti Kérésì ni mo ti ń wá ẹnu tí màá fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nílé àwọn ará Ìgbájọ yìí, mi ò sọ "rárá" fún Màmá rí. Wọn ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Ìlá. Bí àgbà bá ní àtùpà ni òṣùpá, ọmọ tó gbọ́n á béèrè ìwọ̀n epo tó ń jẹ. Nígbà tí Awẹ́lẹ́wà wá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ìyá àti bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ibi tí ọmọ máa gbé, tó sì fi tèmi kún un pé kí n máa mú wọn lọ kí n máa mú wọn bọ̀ nígbà ìsinmi Àjíǹde, torí olùkọ́ ni mí, mo pinnu pé kí a tó padà dé Ìlá, màá ti sọ ọ́.

Bí mo ṣe ń jáde, Tómi yọ orí láti yàrá. "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni mo máa lọ?"

"Tí mo bá dé, màá sọ fún ẹ. Lọ sùn."

Láti Ìlá sí Òtan Ayégbajú, láti Òtan sí Ìgbájọ, ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé dírẹ́bà kì í wa ọkọ̀ níbẹ̀, ó ń bẹ ọ̀nà ni. Ìgbà tí a dé Ìgbájọ, àwọn àna mi ti jókòó síta lórí àga láti aago mẹ́ta òru. Bàbá, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ kóòtù, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì mú agbòòrùn lọ́wọ́. Màmá gbé kúlà kan tó kún fún iṣu sísè, àkàrà àti ata gígún, bí ẹni tó gbọ́ pé ìyàn mú ní Ítálì. Màmá jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó síwájú, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n má jókòó síbẹ̀. Kí a tó dé Ìkìrun, wọ́n ti júwe ọ̀nà fún dírẹ́bà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀nà tí ọkùnrin náà ti ń gbà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Mi ò ní fi ọkọ̀ òfurufú dá yín dúró. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, Màmá ní kò ní iyọ̀, wọ́n bu ata gígún sí i, ọkùnrin òyìnbó tó jókòó tì wọ́n sì sín títí ilẹ̀ fi mọ́ ní fèrèsé.

Ilé Awẹ́lẹ́wà wà ní àjà kẹta, ó mọ́, ó kéré. Yàrá méjì ló ní. Ó ti tún èyí tó kéré jù ṣe: ó ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé sí i, ó tẹ́ aṣọ píǹkì lé e, ó gbé tábìlì ìkàwé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Màmá. Ó dára gan-an." Ó sì dára lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Tó bá jẹ́ pé ilé rẹ̀ dọ̀tí ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá rọrùn.

Iṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Awẹ́lẹ́wà ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Kí àwọn àgbàlagbà má baà jókòó máa wo ògiri, ó ti sanwó yàrá fún wa ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Varẹ́nà, létí adágún Kómò. Adágún ni Bàbá ń pè é. Lago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é; Bàbá ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, wọ́n sì ń bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá mo ti gbàgbé. Awẹ́lẹ́wà mú wa dé ìdíkọ̀ rélùwéè. Bíi Yúróò méje lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan; ẹ fi ṣe náírà fúnra yín, èmi ṣe é lẹ́ẹ̀kan, orí sì fọ́ mi. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ pé ọkọ̀ máa gbéra. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú kan, ìdajì àga ló ṣófo. Mo ní wọn ò lè lọ báyìí, èrò ò tíì kún. Wọ́n lọ. Ní ìdíkọ̀ Ìlá, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, dírẹ́bà á lọ jẹun kó tó padà wá.

Lẹ́yìn wákàtí kan, omi yọ lọ́wọ́ òsì. Màá sọ òótọ́: ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé ẹrù tó wà lọ́kàn mi. Omi náà gùn, ó dúdú mọ́ búlúù, òkè sì yí i ká, òkè tó ga débi pé yìnyín ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn ilé dúró lórí ara wọn láti etí omi lọ sókè, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn. Bàbá ṣí fìlà. Màmá wò ó títí.

"Bàbá Délé," Màmá ní fún ọkọ wọn, "òkè tiwa ní Ìgbájọ dáa ju èyí lọ."

"Èyí ga díẹ̀," Bàbá ní.

"Ó ga, kí ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀? Òkè tí ò hu iṣu." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ìyá àgbà kan ló ni ilé tí a dé sí. Sìnyọ́rà ni wọ́n ń pe ìyáàfin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pè é. Ó fẹnu ko Màmá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kí Màmá tó lè sá. Mo bu omi, mo kúnlẹ̀ láti gbé e fún Màmá. Sìnyọ́rà sáré kúnlẹ̀ tì mí, ó ń wo abẹ́ tábìlì kiri. Ó rò pé yẹtí mi ló jábọ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un, mo nawọ́ sí Màmá, mo nawọ́ sí ilẹ̀. Ó wo abẹ́ àga Màmá náà.

Ọ̀sán dé, a lọ jẹun létí omi. Ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ jù ni polẹ́ńtà, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n rò lórí iná, pẹ̀lú ẹja inú adágún náà tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sá sóòrùn, misọtínì ni wọ́n ń pè é. Yúróò mẹ́rìnlá ni abọ́ kan. Màmá fi fọ́ọ̀kì tì í síwájú, wọ́n tì í sẹ́yìn.

"Tùwó àti ẹja gbígbẹ," Màmá ní. "Mo wọ ọkọ̀ òfurufú torí tùwó àti ẹja gbígbẹ."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n jẹ lára tèmi. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá gbé kọfí fún Bàbá nínú ife tó kéré bí ìdérí ìgò oògùn ikọ́. Bàbá gbé e mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ń retí kó gbé èyí tó kù wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tó kọjú sí Varẹ́nà lódìkejì, Bẹlájíò. Tìrágẹ́tò ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Ó lè gbé mọ́tò, kò mì, kò sì sẹ́ni tó ń fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀. Bẹlájíò kò ní títì, àtẹ̀gùn ni ó ní. A gun àtẹ̀gùn, a sọ̀ kalẹ̀, a ra jẹ̀látò, ìyẹn áísìkiriìmù, Yúróò mẹ́ta. A tún gun àtẹ̀gùn. Màmá rí ìborùn sílíkì kan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ tó ń tà á pé kó gba ìdajì. Ọmọbìnrin náà ò ju ogún ọdún lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Nó, Sìnyọ́rà." Màmá ní kó gbà á ní ìdajì pẹ̀lú díẹ̀. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nó, Sìnyọ́rà." Ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọmọ yẹn. Sánmà ò ya. Màmá ò ṣubú. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ yìí le o," a sì jáde.

Aago márùn-ún ń lọ lù nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ padà sí etí omi. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, èrò pọ̀, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n na ọwọ́.

"Ọkọ̀ wa rèé."

Mo gbójú sókè. Wọ́n kọ Como sí iwájú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn ju apá mi lọ. Ìlú Kómò wà ní òpin adágún náà nísàlẹ̀ pátápátá, ìrìn wákàtí méjì, Varẹ́nà tiwa sì wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú wa. Màmá ti gbé ẹsẹ̀ lé pákó. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wẹ̀yìn.

"Màmá," mo ní, "ó jọ pé..."

"Kí ló jọ?"

"Ó jọ pé òòrùn ti rọlẹ̀."

"Ó ti rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ." A wọlé. Bàbá tẹ̀ lé wa pẹ̀lú agbòòrùn wọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìwé kíkà, mo ka orúkọ ọkọ̀, mo sì wọ̀ ọ́. Mo ní bóyá ó máa yípo. Mo ní bóyá Màmá mọ nǹkan tí mi ò mọ̀. Ọkọ̀ gbéra, Varẹ́nà wà lẹ́yìn wa, ó ń kéré sí i. Màmá yíjú padà wò ó.

"Ibi tí a dé sí kọ́ ló wà lẹ́yìn yẹn?"

Bàbá wúkọ́. Èmi ń wo omi. Kò pẹ́ ni ọkùnrin tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú wa, ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí Varẹ́nà, ó na ọwọ́ síwájú, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ibi tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró ló sọ̀ wá kalẹ̀ sí, abúlé kan tó ní ṣọ́ọ̀ṣì, igi ńlá méjì àti bẹ́ńṣì kan. Ó fi ìka hàn wá lára aago rẹ̀ pé ọkọ̀ tó ń padà máa dé ní wákàtí kan àti ààbọ̀.

A jókòó. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó tutù.

"Ìyá Tómi," Màmá ní, "níbo nìyí?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Ṣé ọkọ̀ wa kọ́ la wọ̀ ni?"

"Ọkọ̀ wa kọ́, Màmá."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí a tó wọ̀ ọ́."

Màmá yíjú sí ọkọ wọn. "Bàbá Délé, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ọkọ̀," Bàbá ní.

"Ẹ kà á?"

"Mo kà á."

"Ẹ sì tẹ̀ lé mi."

"Mo rò pé o ní ìdí tí o fi fẹ́ gba ibẹ̀ ni."

Mo ń retí ìjì. Màmá ò pariwo. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní, "Mi ò lè ka ìwé ìlú yìí. Nígbà tí mo ní ọkọ̀ wa rèé, ọkàn mi ò balẹ̀, mo dúró, mo wẹ̀yìn. Ẹ̀yin méjèèjì kàn ń tẹ̀ lé mi. Mo wá ní, àwọn tó mọ̀wé ò sọ nǹkan kan, a jẹ́ pé òun náà ni."

Ojú tì mí. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn. Mi ò mọ̀ pé mo kàn ń jẹ́ kí àgbàlagbà obìnrin dá ṣìnà lójú mi ni. Bí mo bá sì tún dákẹ́ lórí bẹ́ńṣì yìí, oṣù kẹsàn-án máa dé, báàgì labalábá á sì máa yí táyà lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, mo kúnlẹ̀ lórí òkúta.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò fẹ́ kí Tómi wá síbí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́ ni mi ò ti fẹ́ ẹ. Èmi ni mo bí i, mo fẹ́ tọ́ ọ fúnra mi."

Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn nígbà tí obìnrin kan tó ń fa ajá sáré dé, ó di apá mi mú, ó ń bi wá ní nǹkan, ó sì ń yọ ìgò omi láti inú báàgì rẹ̀. Ó rò pé àìsàn ló gbé mi ṣubú. Bàbá ṣí ìwé kékeré wọn, wọ́n wá a, wọ́n rí i. "Nó, nó, Sìnyọ́rà," Bàbá ní. "Famílíà." Ìyẹn ni ẹbí. Obìnrin náà wo Màmá, ó wò mí nílẹ̀, ó mi orí gidigidi bí ẹni tó ní tiẹ̀ nílé. Ó fi omi náà sílẹ̀ fún mi, ó fa ajá rẹ̀ lọ.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù lẹ́ẹ̀kan, ó tún lù.

"Dìde," Màmá ní nígbẹ̀yìn. "Ilẹ̀ tutù. Ọdún mélòó lo ti lò nílé wa?"

"Mọ́kànlá, Màmá."

"Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwa la ti jọ wọ̀ nìyẹn." Wọ́n fa ìborùn tí wọ́n mú wá láti Ìgbájọ mọ́ra. "Irú tí mo ní kí o máa fi sọ́bẹ̀ dáadáa ńkọ́?"

"Ó máa ń pọ̀ jù, Màmá. Tí ẹ bá ti lọ, mi kì í fi tó bẹ́ẹ̀ sí i."

"Wíìgì tí mo rà fún ọ?"

"Tómi fi ń ṣeré."

"Orúkọ tí mo sọ ọmọ rẹ?"

"Ìyẹn dáa, Màmá. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an."

"Ọlọ́run ṣeun."

Bàbá pa ìwé wọn dé. "Ìyá Délé, èmi náà, tíì tí o kì í fi ṣúgà sí yẹn..."

"Ta ló bi yín?" Màmá ní. Bàbá tún ìwé ṣí.

Kì í ṣe pé inú Màmá dùn o. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń padà yọ lókèèrè, wọ́n ní, "Ọmọ mi ti ra bẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa sọ fún un?" Orúkọ Awẹ́lẹ́wà ni wọ́n pè, àmọ́ èmi ò ní kọ ọ́ síbí.

"Bóyá ẹ̀yin, Màmá..."

"Ìwọ ni. Ẹnu tí o fi sọ fún mi ṣì wà lára rẹ." Wọ́n rìn dé etí pákó, wọ́n dúró. "Ìyá Tómi, ṣé ọkọ̀ wa nìyí?"

"Òun ni, Màmá."

"Bàbá Délé?"

"Òun ni."

"Ẹ kà á dáadáa." A kà á sókè, àwa méjèèjì pọ̀, bí ọmọ ilé ìwé. Màmá wọlé.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, a padà sí Mìláànù. Awẹ́lẹ́wà ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń bó ọsàn ní kíṣíìnì. Màmá lọ jókòó sí pálọ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí wọ́n lè gbọ́. Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò yí i po, mi ò fi òwe bò ó. Ó bó ọsàn náà tán kó tó dáhùn.

"Ìyàwó mi," ó ní, "gbogbo alẹ́ ni mo máa ń lọ jókòó sínú yàrá yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ká ní o sọ ọ́ ní Kérésì, ǹ bá má ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ìdákẹ́ mi ń pa lára. Àṣé òun ló ra bẹ́ẹ̀dì yẹn, òun ló tẹ́ aṣọ píǹkì lé e. Mo sunkún, òun náà sunkún, ọsàn ń jo omi sórí tábìlì. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá Tómi lè wá lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì bóyá bẹ́ẹ̀ ni mi yìí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, mi ò sì bínú, torí ó tọ́ sí mi. Màmá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré náà ní gbogbo ọjọ́ tó kù, ẹsẹ̀ wọn ń yọ síta, wọ́n ní Tómi ì bá ti ga jù fún un tó bá fi máa di ọdún méjì sí i.

A padà dé Èkó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, dírẹ́bà wa ti ń dúró. Màmá jókòó síwájú. Láti Èkó dé Ìkìrun, wọn ò júwe ọ̀nà fún un lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kàn bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọ̀nà náà nìyí. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ó bi mí ní jẹ́jẹ́ bóyá ara Màmá ò yá ni. Nígbà tí a dé Ìgbájọ, ó fẹ́ yà sílé wọn. Màmá ní kó máa lọ sí Ìlá ná. Bàbá wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní Ìlá fún wa, a ò sì béèrè, torí ìwà ò ṣeé pààrọ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Tómi ló kọ́kọ́ jáde sí wa, bàtà bàbá rẹ̀ ló wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá so mọ́ mi lọ́rùn. "Mọ́mì, ẹ ní tí ẹ bá dé ẹ máa sọ fún mi."

"Tómi," Màmá ní, kí n tó lanu, "lọ gbé báàgì mi wá."

"Báàgì wo, Màmá?"

"Èyí tó ní labalábá. Èmi ni mo rà á."

Ọmọ náà wọ́ ọ wá láti pálọ̀. Bàbá Tómi jáde tẹ̀ lé e, ó lanu, ó tún pa á dé. Màmá ṣí báàgì náà sórí àga, wọ́n kó aṣọ Tómi tí ọkọ mi ti kó síbẹ̀ jáde, wọ́n kó wọn lé mi lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí dórí ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n wá kó ìró wọn méjì àti ike ata gígún sínú rẹ̀, wọ́n fa síìpù. "Bí ìsinmi bá dé, kó wá yá a lọ́wọ́ mi," wọ́n ní.

Tómi wò mí. "Ṣé mi ò lọ mọ́ nìyẹn?"

"O ò lọ," mo ní. Mo sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́.

Dírẹ́bà gbé báàgì píǹkì náà sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbòòrùn Bàbá. Màmá wọlé síwájú, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì sọ gíláàsì sílẹ̀.

"Ìyá Tómi, Sọ́ńdè tó ń bọ̀, a máa wá jẹun. Se ọbẹ̀ náà bí o ṣe ń sè é nígbà tí mi ò bá sí nílé."

"Ẹ ṣé, Màmá," mo ní, ó sì dénú mi.